Kìnnìún Ẹ̀yìn Lọ́rì Tí O Fẹ́ Mú Lọ sí Frisco

Rẹ̀mílẹ́kún, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó mọ àwòrán yà ju bó ṣe mọ ọbẹ̀ sè lọ,

Kìnnìún tí o ní kí n yà fún ọ wà nínú àpò ìwé yìí. Mo ká bébà rẹ̀ sí mẹ́rin. Má tíì tú u. Mo mọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ ti dé ibẹ̀ ná. Gbé e kalẹ̀. Ka lẹ́tà yìí tán kí o tó ṣí i, nítorí bí o bá kọ́kọ́ ṣí i, o ò ní ka ìyókù. Ṣebí o kì í gbọ́ ohùn tí mò ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ parí. Bí mo bá sì pè ọ́, wàá ní, "Daddy, I'm driving." Ọmọ tó ń wa ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, níbo lò ń lọ gan-an? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ kò lè ka lẹ́tà, wàá jókòó sójú kan.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí irú ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn. Èmi Jéémíìsì Akínadé, nígbà tí mo wà ní géńdé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí lọ́rì kan tó ń gba ọ̀nà Ìlọrin kọjá tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló kun ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ilé ìwé, kò sí oníbúrẹ́dì tí n kò kọ sáìnbọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti Kano wá torí búrọ́ọ̀ṣì mi.

Ó dáa. Ìyá rẹ dúró sẹ́yìn mi, ó ń kà á, ó sì ti húkọ́. Kì í ṣe gbogbo lọ́rì. Lọ́rì méjì ni, àti ọkọ̀ oníbúrẹ́dì kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kí ọ̀dà tó gbẹ. Ẹni tó ti Kano wá, ọ̀nà ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n kìnnìún wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú lọ́rì méjèèjì, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Gbogbo gáréèjì ló mọ̀ ọ́n. Kìnnìún yẹn gan-an ló sì kó wa síbi tí a wà yìí.

Nígbà tí o gbé fóònù rẹ fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí a wo àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tí ẹ̀yin ń pè ní pọtifólíò, inú mi dùn. Mo mọ̀ pé o ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì ọsibítù sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ yìí ni àwọn ará iléeṣẹ́ ìlú Frisco, nílẹ̀ òyìnbó níbí, fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò. Bí wọ́n bá gbà ọ́, o di ayàwòrán tó ń gbowó oṣù. Bí wọn ò bá gbà ọ́, o ti fi ẹnu ara rẹ sọ pé wàá padà sídìí ìwé àwọn aláìsàn, o ò sì ní mú pẹ́ńsù mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré.

Nígbà náà lo wá fi ojú ewé àkọ́kọ́ hàn wá, níbi tí o ti kọ ọ́ pé: "Bàbá mi ló ya kìnnìún tó lókìkí jù lọ́nà Ìlọrin, ọwọ́ rẹ̀ ni mo jogún." O ní obìnrin tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ti kọ̀wé sí ọ pé ibẹ̀ gan-an ló wú òun lórí, òun yóò sì fẹ́ fojú rí kìnnìún náà. "Dádì, ẹ bá mi yà á sórí bébà, kékeré báyìí, kí n mú un dání lọ." Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó kó àwo, ó wọ kíṣìnnì lọ. O bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ata ni." Àbẹ̀kẹ́, ata kì í pani lẹ́rìn-ín. Fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà dé ibẹ̀.

Ìfura loògùn àgbà. Wàá ní tèmi ti pọ̀ jù, pé n kì í ra ọsàn láìbi ọsàn léèrè ibi tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tí kò fura ni wọ́n ń pè ní olóògbé. Gbọ́ àwọn ohun tí ara fu mí sí nínú iṣẹ́ rẹ.

Ohun àkọ́kọ́ ni àwọn ife. O ya àmì fún ilé kọfí kan, o fi í hàn wá lára ife, lára àpò, lára ilẹ̀kùn onígíláàsì. Mo bi ọ́ pé níbo ni ilé kọfí náà wà kí n lọ mu tèmi. O ní, "Daddy, it doesn't exist." Mo tún wo ìsàlẹ̀: ọkọ̀ òfúrufú tí kò fò rí, ọṣẹ tí ẹnikẹ́ni ò fi wẹ̀ rí. Ọmọ mi, ìlú ńlá lo tẹ̀ dó yẹn, kò kàn séèyàn níbẹ̀ ni. Mi ò ní kí o pa wọ́n rẹ́ o. Ẹni tí kò tíì rí oníbàárà, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan dánra wò. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sábẹ́ wọn gbàǹgbà pé ìdánrawò ni, kí ẹlòmíràn má baà bi ọ́ bí mo ṣe bi ọ́, kí o wá máa wo àjà.

Kí o sì lọ gbé pátákó ìyá onídìrí wá síwájú. Mo rí i, o tì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó fi ìbátan tálákà pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn nígbà tí àlejò dé. O ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mesquite ni, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣé o gbàgbé bí obìnrin náà ṣe ń sunkún pé àwọn oníbàárà ń wakọ̀ kọjá ilẹ̀kùn òun, wọ́n ń lọ dirun ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú? Ìwọ lo lọ dúró lójú títì, tí o ní lẹ́tà rẹ̀ ti rọ́ jù, tí àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti ògiri mu. O tún un kọ. Ní báyìí obìnrin náà ń lé èèyàn padà nítorí àyè. Sọ ìtàn yẹn fún wọn. Fi pátákó àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Sọ ohun tó bàjẹ́, sọ ohun tí o kọ́kọ́ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́, kí o tó sọ èyí tó ṣiṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ tó bá gbọ́n á fura sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́ rí.

Èmi náà ti ṣe é rí. Oníbúrẹ́dì kan ní kí n kọ sáìnbọ́ọ̀dù sójú ọ̀nà fún òun. Mo fi lẹ́tà onírù kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ń ká kòlòkòlò bí ìgbín. Ó rẹwà! Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ò lè kà á bí wọ́n ti ń sáré kọjá. Ọ̀kan dúró, ó ní, "Àtísìtì, ilé kéwú ni àbí ilé búrẹ́dì?" Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tó wà lórí ìrìn kì í ka òdòdó. Wo pátákó ojú fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn níbí, ṣé o rí ìrù lẹ́tà kankan lára wọn?

Ohun kejì: ó ti pọ̀ jù. Ó rẹ ìka mi níbi tí mo ti ń fà á sókè. Nígbà tí mo gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo ra álíbọ́ọ̀mù, mo pe fótógíráfà, mo ní kó ya gbogbo ohun tí mo ti kọ látọjọ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, títí kan ti ìyá alákàrà tí àyè tán mọ́ mi lọ́wọ́ lórí rẹ̀, tí mo wá ń fún lẹ́tà ìparí mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí èrò tó so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá ilé ìwé kan. Ó ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ṣí àwọn tó dára kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ alákàrà, ó fi ìka lé e, ó ní, "Ṣé bí tèmi náà ṣe máa rí nìyí?" Ibi tí iṣẹ́ rẹ ti burú jù ni oníbàárà máa fi wọ̀n ọ́. Yọ ìdajì rẹ̀ dànù, Rẹ̀mí. Bí ó bá dùn ọ́ láti yọ ọ́, bi ara rẹ bóyá iṣẹ́ náà ló dára ni, àbí làálàá tí o ṣe lórí rẹ̀ lò ń ṣàánú.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ kí o fura gidigidi sí i: ẹni tó bá ní, "Ya ọ̀kan fún mi kí n kọ́kọ́ wò ó." Díákónì wa tó ní ilé oúnjẹ ní Euless pàdé mi níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀bùn ń bẹ lọ́wọ́ ọmọ yín o. Ẹ ní kó ya mẹ́ta fún ilé oúnjẹ mi, kí n mọ èyí tí ẹ̀mí mi gbà."

Mo ní, "Díákónì, bí mo bá wá sí ilé oúnjẹ yín, ṣé ẹ máa gbé iyán wá, kí ẹ gbé ìrẹsì wá, kí ẹ gbé ẹ̀bà wá, kí n jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kí n tó sọ èyí tí ẹ̀mí mi gbà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ò lè yí padà láé." Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Olóhòtẹ́ẹ̀lì kan ṣe é fún wa rí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí gbogbo àwa tí a ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù gbé àpẹẹrẹ wá lórí páálí, òun á mú èyí tó bá dára jù. Mi ò sùn, mi ò wo. A gbé e lọ. Ó ní òun á ránṣẹ́ pè wá. A retí, a retí. Nígbà tí mo bá ibẹ̀ kọjá, mo rí sáìnbọ́ọ̀dù tuntun: lẹ́tà tèmi ni, igi ọ̀pẹ ti ẹlòmíràn ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n olóhòtẹ́ẹ̀lì náà ló sì fi ọwọ́ wíwọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ. Mo dúró sójú ọ̀nà, mò ń wo lẹ́tà mi bí ẹni tó rí ẹ̀wù rẹ̀ lọ́rùn olè. Nítorí náà, ohun tí o ti ṣe sẹ́yìn ni kí o fi hàn wọ́n. Ìyẹn ni pọtifólíò wà fún. Bí wọ́n bá fẹ́ tuntun, kí àdéhùn kọ́kọ́ wà lórí ìwé, ìbáà ṣe Díákónì, ìbáà ṣe ará Frisco tó wọ tai.

Fura sí àwọn tó ń yìn ọ́ náà. Àwọn arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní iṣẹ́ rẹ "gba òróró," bi wọ́n pé èwo nínú rẹ̀, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀. Ìyìn tí kò ní ibi kan pàtó tó ń tọ́ka sí, ìkíni ni. Wá ẹni tí kò bẹ̀rù ojú rẹ, kó fi ìka sí ibi tó ti wọ́. Bí o ò bá rí ẹnì kankan, ìyá rẹ ń bẹ. Ikọ́ rẹ̀ nìkan tó.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún, mi ò padà lọ kà á: ti iṣẹ́ áàpù orí fóònù tí ẹ ṣe fún ọsibítù. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ lo ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ń ṣe é, tí o máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa, o ní ẹ pọ̀ lórí rẹ̀; ìwọ lo yan àwọ̀ àti bọ́tìnnì, ọ̀rẹ́ rẹ kan ló to gbogbo ètò rẹ̀. Níbo ni ọ̀rẹ́ náà wọlẹ̀ sí?

Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Ilé ni. Nígbà tiwa, igun ìsàlẹ̀ sáìnbọ́ọ̀dù ni pọtifólíò wa. Wàá kọ orúkọ rẹ àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ wà síbẹ̀, kékeré. Ẹni tí iṣẹ́ náà bá wù á tọ orúkọ yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọmọ iṣẹ́ lè kọ gbogbo lẹ́tà, ẹlòmíràn lè kun ún, ẹlòmíràn lè gé pákó. Orúkọ ọ̀gá nìkan ló máa wà ní igun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, kò sẹ́ni tó bínú. Ṣùgbọ́n níbi tí ò ń lọ yìí, wọ́n á bi ọ́ pé: apá wo gan-an ni ọwọ́ tìrẹ wà? Bí o bá ní gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún bi ọ́ ní ìdí apá tí kì í ṣe tìrẹ, ibẹ̀ ni wàá ti máa làágùn. Kọ ọ́ pé: àwọ̀ àti bọ́tìnnì, èmi ni, ètò, lágbájá ni. Kò ní dín ọ kù. Ẹni tó bá sọ ibi tí tirẹ̀ parí sí, wọ́n á gbà á gbọ́ nípa ibi tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá rẹ tún húkọ́. Mo ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ikọ́ yìí mà ti pọ̀ jù, ṣé kí a lọ rí dókítà?"

Ó ní, "Ẹ máa kọ lẹ́tà yín lọ, Bàbá Rẹ̀mí. Ẹ ti ń sún mọ́lé."

Ó dáa. Nínú gbogbo àwọn tí mo ní kí o fura sí, mo fo ẹnì kan.

Alhájì tó ni lọ́rì yẹn ní kìnnìún lòun fẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ òun, èyí tó ń bú ramúramù. Mi ò rí kìnnìún rí láyé mi. Mo yà á bí mo ṣe rò ó. Àwọn awakọ̀ kó jọ sídìí rẹ̀, wọ́n ń bi mí pé ewúrẹ́ ta ló sọnù. Wọ́n sọ mí ní Jéémíìsì Olówúrẹ́. Alhájì ní bí òun bá padà dé tí ẹran náà ṣì ń ké mẹ́ẹ̀, òun á gbé ọkọ̀ òun lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọmọbìnrin kan ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa. Ó máa ń fi òwú aláràbarà ya ẹyẹ àti ẹranko sára ìrọ̀rí àwọn ìyàwó tuntun. Ó ti ń wo ewúrẹ́ mi láti àárọ̀, kò rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo lọ jẹun. Nígbà tí mo dé, ó ti nu ewúrẹ́ mi kúrò, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya kìnnìún sí gbogbo ẹ̀yìn lọ́rì náà, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé èèyàn kiri. Ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, "Ẹ yára kùn ún kí wọ́n tó dé." Mo kùn ún. Mo kọ orúkọ mi sí igun. Alhájì dé, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, àwọn awakọ̀ gbé mi sókè. Ọmọbìnrin náà ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ránṣọ lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Tinúadé. O mọ̀ ọ́n. Òun ló ní ata ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ra bébà gidi, mo gbẹ́ pẹ́ńsù, mo jókòó sídìí tábìlì láti ya kìnnìún tí o bẹ̀ mí. Ewúrẹ́ ló jáde. Mo ya òmíràn, ajá ni. Mo tún ya òmíràn, ó jọ Díákónì ará Euless, tirùngbọ̀n tirùngbọ̀n. Ìyá rẹ ti ibi iṣẹ́ ìfọṣọ rẹ̀ nílé àwọn arúgbó dé, kò bọ́ bàtà, ó wo orí tábìlì. Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ rárá.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ nǹkan kan láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Mo ní kí n máa wo ibi tí ẹ máa gbé e dé." Mo ní ó ti dé Frisco. Ó ní, "Ó tó kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀."

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, lọ tún ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn kọ. Bí obìnrin náà bá bi ọ́ léèrè kìnnìún, sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, títí kan ewúrẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà ọ́ nítorí rẹ̀ tàbí wọ́n á kọ̀ ọ́. Kí Ọlọ́run tó fún ìyá rẹ lọ́wọ́, tó sì fún ọ lọ́wọ́, má jẹ́ kí ẹnu bàbá rẹ ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ṣí bébà náà wàyí. Wo igun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ ìyá rẹ kó kọ orúkọ síbẹ̀, ó kọ̀, ó ní kí n kọ ọ́ fúnra mi. Mo kọ ọ́: Tinúadé. Òun ló ya kìnnìún. Èmi kùn ún ni.

Bàbá rẹ,
Jéémíìsì